KÍ A LÉ AKÁTÁ LỌ NÁ



Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó bá adìyẹ wí. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà. Ẹsẹ̀ òkè ni ọ̀pọ̀ ilé wa wà. Àpáta àti igbó kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé. Lọ́sàn-án, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwòdì a máa rà bàbà lójú ọ̀run, a sì já wálẹ̀ gbé òròmọdìyẹ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Lóru, ẹ̀tà àti akátá a máa yọ́ wá sí ìdí àgò. Òjòlá kì í sì í kọ ehoro tàbí ọmọ ajá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyẹ́ nìkan ni à ń bá.

Ìbéèrè méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní: gbèsè wo ni a jẹ ẹ̀dá kékeré tí à ń sìn? Èkejì: ibo ni ẹ̀tọ́ wa mọ lórí ẹranko tí ó wá pa á?

Ẹnìkan lè wí pé, “Adìyẹ ṣá ni; ẹ jẹ́ kí a sọ ti ènìyàn.” Ṣùgbọ́n ti ènìyàn náà ni à ń sọ. Adìyẹ mẹ́ta tí opó ń sìn lè jẹ́ owó iyọ̀ rẹ̀ àti owó ìwé ọmọ rẹ̀. Bí a tilẹ̀ mú ti owó kúrò, gbèsè kan ṣì wà nílẹ̀. Ẹranko inú igbó ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi sá, ó sì ní ihò tí ó lè wọ̀. Èyí tí a so mọ́lẹ̀, tí a sé mọ́ inú àgò, tí a sì kọ́ láti gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ wa, àwa ni a gba ẹsẹ̀ àti ihò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ohun ìgbèjà lọ́wọ́ ẹ̀dá kan, òun ni ó di olùgbèjà rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn ilé adìyẹ nírọ̀lẹ́ kò ṣe é lóore; gbèsè ni ó san.

Kí ni kí a wá ṣe sí akátá? Kò mọ òfin keje, ebi ni ó ń pa á. A lè lé e. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, a lè pa á. Ṣùgbọ́n ìwé Katekísímù tí Ìjọ gbé jáde ní ọdún 1992 kọ́ wa pé kò yẹ ọmọ ènìyàn láti mú kí ẹranko jìyà tàbí kí ó kú láìnídìí. Ẹ sì kíyè sí i pé àwọn àgbà wí pé kí a “lé” e. Wọn kò wí pé kí a da májèlé sílẹ̀.

Lórí májèlé yìí ni ọkàn wa kò ti balẹ̀. Àwọn kan a máa fi oògùn apakòkòrò sínú ẹran tàbí ẹja, wọn a sì gbé e sí ẹ̀yìn ilé. Májèlé kò mọ olè yàtọ̀ sí aláìṣẹ̀. Ajá aládùúgbò lè jẹ ẹ́; ọmọ kékeré lè fọwọ́ kàn án. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré láàárín ọjà, nítorí jàǹbá tí ó ń ṣe fún ènìyàn. Igún pàápàá, tí ń bá wa palẹ̀ òkú ẹran mọ́, ń tipa májèlé run. Ní ọdún 2015 ni a ka irú èyí tí a mọ̀ jù nílẹ̀ wa mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó súnmọ́ àtirun pátápátá. Òfin inú Ìwé Ẹ́ksódù, orí 21, sọ pé ẹni tí ó bá gbẹ́ kòtò tí kò bò ó yóò san ẹran tí ó bá já sínú rẹ̀. Kòtò tí a kò bò ni májèlé.

Pípa nìkan kò tilẹ̀ parí ìjà. Ní Amẹ́ríkà, ẹranko kan tí ó jọ ajáko, tí wọ́n ń pè ní coyote, ń gbé láàárín ìlú ńlá, a sì máa gbé ológbò àti ajá kékeré. Láti ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ ìrìn rẹ̀ ní agbègbè Chicago. Bí a bá pa èyí tí ó wà níbì kan, òmíràn a máa wá gba àyè rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ bá ṣì wà nílẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí a tì ni kì í jẹ́ kí ó padà wá.

Nítorí náà, kí a kan ilé adìyẹ kí ó ga kúrò nílẹ̀, kí a fi wáyà tí ihò rẹ̀ kéré bò ó, kí a sì tì í kí oòrùn tó wọ̀. Kí ọmọ ajá àti ehoro má sùn síta. Kí a má da ìfun ẹran sí ẹ̀yìnkùlé. Kí a da àgò bo òròmọdìyẹ nígbà tí àwòdì bá ń rà, tàbí kí a fi àwọ̀ kùn wọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá kan ti ń ṣe.

Ó ku ìdajì òwe náà. Nígbà tí a bá ja aláìlágbára lólè, tàbí tí a bá ṣe ọmọdébìnrin tí ń kiri ọjà níbi, ìbéèrè àkọ́kọ́ wa a máa jẹ́ pé, “Kí ni ó ń wá níbẹ̀?” Adìyẹ ni à ń bá wí, akátá sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní orí 13 Ìhìnrere Lúùkù, Olúwa wa kọ́kọ́ pe Hẹ́rọ́dù ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ara rẹ̀ wé àgbébọ̀ tí ń fẹ́ ràdọ̀ bo àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdájọ́ lórí Jerúsálẹ́mù ni ó kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí láàárín wa pẹ̀lú. Kí ààbò ṣáájú ìbáwí, nínú ilé adìyẹ wa àti láàárín àwọn ọmọ wa.