Orí Wa Kò Ní Fọ́: Ìwúre fún Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà

Olódùmarè, Ọba tó fi eegun yí ọpọlọ ká kí nǹkan má baà ṣe é, àwa ọmọ Rẹ ní àwọn abúlé àyíká Ìbàdàn la kúnlẹ̀ yìí. Orí la wá bẹ̀bẹ̀ fún. A ti ń bẹ̀bẹ̀ fún orí inú láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Lónìí, orí tí à ń gbé òṣùká lé, tí à ń ru ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà, tí à ń wé gèlè sí, tí à ń dé fìlà lé, la fà lé Ọ lọ́wọ́. Má jẹ́ kó fọ́ mọ́ wa lọ́rùn.

Mo wúre fún akọpẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀pẹ ní ìdájí ní Ìjàyè, ní Ẹ̀jìòkú, ní Bádéku, igbà yín kò ní já. Ohun tí ẹ bá lọ mú lókè ọ̀pẹ, ẹ ó fi ẹsẹ̀ ara yín gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kí Elédùmarè fi í sí yín lọ́kàn láràárọ̀ kí ẹ fọwọ́ ra igbà náà láti orí dé ìdí, kí ẹ tẹ ojú ìdè rẹ̀ wò, kí ẹ wo ibi tó ti ń họ, ibi tí òjò ti jẹ ẹ́, kí ẹ sì sọ èyí tó ti gbó nù kó tó sọ yín nù. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí ara ọ̀pẹ ń yọ̀, kí ẹ má ṣe gùn ún lọ́jọ́ náà. Ẹmu ọjọ́ kan kò tó ẹ̀mí.

Mo wúre fún ọlọ́kadà àti ẹni tó gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀nà Ìwó tó gba Lálúpọn kọjá, ọ̀nà Ifẹ̀ láti Ẹgbẹ́dá dé Aṣèjirè, ọ̀nà Ọ̀yọ́ tó gba Mọ́níyà, ọ̀nà Àkànràn: a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa wọ́n. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sunwọ̀n. Àdúrà yìí fẹ́ akoto o. Ní oṣù Kínní ọdún 2009 tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí ọlọ́kadà àti èrò dé akoto, owó rẹ̀ wọ́n lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan gbé igbá dérí, àwọn èrò sì ń bẹ̀rù pé ọlọ́kadà lè ti fi oògùn sínú èyí tó gbé fún wọn. Ẹ̀rù yẹn lè má tíì kúrò lọ́kàn àwọn kan. Olódùmarè, mú un kúrò. Ìwọ tó bá ń bẹ̀rù akoto ẹlòmíràn, kí Ọlọ́run pèsè owó tí wàá fi ra tìrẹ, kọ orúkọ rẹ sí i, kí o sì so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n dáadáa, nítorí akoto tí a kò so yóò ti bọ́ lọ kí orí tó kanlẹ̀.

Kí jàǹbá má ṣẹlẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀, kí àánú ṣe wá, kí òye sì bá àánú rìn. Kí a má ṣe há ẹni tó dákú sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà mọ́, kí orí rẹ̀ máa fì síwá sẹ́yìn títí dé ilé ìwòsàn. Kí a rí ọkọ̀ tí a lè tẹ́ ẹ sí, kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó dúró gbọnrangandan, kí ẹnikẹ́ni má bu omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Bó bá ń bì, kí a yí gbogbo ara rẹ̀ papọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí nọ́ńbà 122 ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó wà lórí fóònù wa.

Ẹni tí mo tún ń bẹ̀bẹ̀ fún jù ni èyí tó fi orí gbálẹ̀, tó dìde fúnra rẹ̀, tó gbọn erùpẹ̀ dànù, tó ní kò sí nǹkan, tó jẹ ẹ̀bà tán tó lọ sùn. Olódùmarè, má jẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ sùn fọnfọn lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ agbárí, kó máa ti ọpọlọ, kí ojú má sì rí ọgbẹ́ kankan. Bí orí bá ń fọ́ ọ sí i, bó bá ń bì léraléra, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń lọ́, bí gìrì bá mú un, bí ọmọlójú kan bá fẹ̀ ju èkejì, bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde létí tàbí nímú rẹ̀, bí oorun bá wọ̀ ọ́ tó ṣòroó jí, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká sọ pé ó dàárọ̀. Kí ẹsẹ̀ wa yá lóru náà.

Kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ṣí i fún wa. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì sílẹ̀ nítorí ohunkóhun. Kí òfin náà má kú sórí ìwé. Kí ẹnu tí yóò béèrè owó kọ́kọ́ béèrè ibi tó ń dùn ún.

A dúpẹ́ fún ọmọ Awẹ́, Latunde Odeku, tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, tó padà sílé, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962. Ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ náà ni. Ọdún 1974 ló kú, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ yóò pẹ́ nídìí rẹ̀. Ìjọba yóò ṣe ohun tí àwọn dókítà wọ̀nyí kò fi ní ṣí lọ sókè òkun tán.

Mo wúre fún aboyún: wẹ́rẹ́ ni ẹ ó bí, ọmọ yóò ké kíákíá, èémí kò ní wọ́n ọpọlọ rẹ̀. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, a ò ní fi oòrùn àárọ̀ nìkan tàn án. A ó gbé e lọ sílé ìwòsàn kí ibà pọ́njú náà tó ba ọpọlọ jẹ́. Mo wúre fún bàbá àti ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru: ẹ ó máa rántí oògùn yín, rọpárọsẹ̀ kò ní bá yín gbé.

Ìwúre tó wù mí jù wá dé o. Mo wúre fún ẹni tó ti ilé ìwòsàn dé, tí àwọn èèyàn ti bá yọ̀, tí wọ́n ti túká. Kò rántí ibi tó fi àdá sí. Ariwo ọmọdé ń mú un bínú, òun tí kì í bínú tẹ́lẹ̀. Ó kọ ebè mẹ́ta, ó rẹ̀ ẹ́ títí dalẹ́. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, wọ́n ní ayé ló fọwọ́ bà á, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ọpọlọ tó gbọgbẹ́ ni. Mo bẹ Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀wọ̀n dè é, kí wọ́n má nà án pé wọ́n ń lé ẹ̀mí àìmọ̀. Bí wárápá bá tẹ̀lé e, kí a má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a má fi iná jó ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a má sá fún itọ́ rẹ̀, nítorí kì í ranni. Oògùn rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Apá tó rọ yóò gbóná lọ́wọ́ àwọn físíò. Ahọ́n tó wúwo yóò tún ọ̀rọ̀ kọ́. Ibi tí wọn kò bá lè mú un padà dé, a ó fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, tàbí ìyá rẹ̀, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóògùn, tí kò ráyè na ọjà láti ìgbà tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀? Olódùmarè, má jẹ́ kó ṣubú. Gbé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dìde fún un, gbé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ dìde, gbé ẹgbẹ́ àsàlátù dìde. Àṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe àmín, irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò yín. Ẹ pín ọjọ́ mọ́ ara yín lọ́wọ́, kí ẹnì kan máa lọ bá wọn jókòó ti aláìsàn lọ́jọ́ ọjà, kí obìnrin náà lè gbé igbá rẹ̀ jáde. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.