ÌWÉ JÓNÁ, Ọ̀RỌ̀ KÒ JÓNÁ

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ
Ẹ̀kọ́ kíkà: Jeremáyà, orí 36

Àwọn àgbà ìjọ ni wọ́n ní kí èmi ìránṣẹ́ yín kọ ọ̀rọ̀ ìwàásù sínú ìwé ìrántí ti ọdún yìí. Èmi kì í ṣe wòlíì, ilé ìwé girama sì ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé ìjọ ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti rí nǹkan díẹ̀ nípa ìwé. Èyí tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, ìtìjú tèmi náà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣí Bíbélì yín, tàbí fóònù yín, sí ibi tí mo dárúkọ lókè yẹn. Wòlíì Jeremáyà ń fi ẹnu sọ, Bárúkù ń fi yíǹkì kọ ọ́ sínú ìwé kíká. (Mo fẹ́ràn Bárúkù yìí púpọ̀. Akọ̀wé bíi tèmi ni.) Ìwé náà dé iwájú Jèhóíákímù ọba. Àkókò òtútù ni, ọba jókòó ti iná. Bí Jéhúdì bá ti ka ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tán, ọba a fi ọ̀bẹ gé e, a sì jù ú sínú iná. Àwọn kan bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó sun gbogbo rẹ̀ tán pátápátá, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀! Ọlọ́run ní kí Jeremáyà tún mú ìwé mìíràn. Jeremáyà tún sọ ọ́, Bárúkù tún kọ ọ́, wọ́n sì tún fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un.

Ǹjẹ́ kí ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe? Ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ẹnu Jeremáyà kí ó tó wà nínú ìwé. Bí ó bá ṣe pé inú ìwé nìkan ni ó wà, iná ọba ì bá ti jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti pààrọ̀ aṣọ lọ́pọ̀ ìgbà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1850 ni ìwé Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde ní èdè wa, ó sì di ọdún 1884 kí odindi Bíbélì tó pé. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìyìn sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù, ohùn rẹ̀ sì ń jáde láti inú giramafóònù nílé ẹni tí kò rí i rí. Ní ọdún 1925 ni Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1930 ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òòyè, Iléṣà, láti ọwọ́ Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rọ́ lọ síbẹ̀ ni kò mọ̀wé rárá. Etí ni wọ́n fi gbà á, orí ni wọ́n fi gbé Sáàmù. Lẹ́yìn náà kásẹ́ẹ̀tì dé, èyí tí ilé iṣẹ́ Philips gbé jáde ní ọdún 1963. Ní ọdún 2001 fóònù alágbèéká ti GSM wọ Nàìjíríà, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ mì: Bíbélì, ìwé orin, fọ́tò, kásẹ́ẹ̀tì, àti aago tí a fi ń jí sí àdúrà òru.

Àwa ará Ìdànrè kò yẹ kí á máa bẹ̀rù ìpààrọ̀. Ṣebí orí òkè ni àwọn baba wa gbé tẹ́lẹ̀? Ní nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin àlejò wa tí orúnkún yín bá gbà á, ẹ gun àtẹ̀gùn náà, ó lé ní 600, ẹ ó rí ààfin Ọwá àtijọ́ àti ilé ìwé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1896. Ilé ìwé yẹn ṣì wà lókè níbẹ̀ lófìfo, ṣùgbọ́n A-B-D tí wọ́n kọ́ nínú rẹ̀ bá wọn sọ̀kalẹ̀.

Àmọ́ ohun mìíràn wà lókè náà tí ó máa ń bà mí lẹ́rù. Àwọn àmì kan wà lára àpáta tí a fi ń han àlejò, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Òjò kò pa á rẹ́, oòrùn kò pa á rẹ́. Ìwé náà wà, òkúta rẹ̀ kò fọ́, ẹni tí yóò kà á ni kò sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kásẹ́ẹ̀tì tí kò sí rẹkọ́dà tí yóò lò ó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn tí ó wà nínú fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìtìjú mi. A ní àpótí kásẹ́ẹ̀tì kan nínú yàrá ìjọ, ìwàásù àti àdúrà àwọn àgbà tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Ní ọdún 2017, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bá mi gbé díẹ̀ sínú fóònù mi. Inú mi dùn. Mo ní, ó ti parí nìyẹn, kí ni a tún ń fi àpótí eléruku ṣe? Mo kó àwọn tí a ti gbé sínú fóònù fún àwọn ọmọ ilé mi. Wọ́n fa okùn dúdú inú rẹ̀ jáde, wọ́n nà án yí oko àgbàdo ká láti fi lé ẹyẹ. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i a máa han. Nígbà tí ó di Kérésìmesì kan, fóònù mi kún fún fídíò ijó. Ó bi mí pé kí òun pa àwọn ohun àtijọ́ rẹ́ bí? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Jèhóíákímù tilẹ̀ jókòó pẹ́ nídìí iná kó tó parí tirẹ̀.

Ní ọdún 2021, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ aládùúrà wá bá mi. Ìrántí ọkọ rẹ̀ ti ń súnmọ́. Ó ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, ẹ bá mi tan ohùn bàbá kí n gbọ́.” Mo ní, “Ìyá, fóònù wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń tún un ṣe.” Irọ́ ni. Ó tún padà wá, mo tún purọ́. Nígbà kẹta, mo wólẹ̀, mo sọ òtítọ́.

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. N kò lè wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ mú bírò.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúrà ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí bàbá ti máa ń gbà á ní ìṣọ́ òru, títí kan ibi tí bàbá ti máa ń dákẹ́ húkọ́. Mo ń kọ, ó ń tún mi ṣe. Ó kún ojú ìwé mẹ́rin. Nígbà tí a parí, ó ní, “Ibì kan wà tí bàbá máa ń gbàgbé, ẹ fi èyí kún un,” ó sì fi orúkọ àwọn opó ìjọ kún un.

Ìwé náà wà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá kò padà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí tù mí nínú.

Nítorí náà, n kò bá àwọn tí ń bú fóònù nínú ìjọ pé ohùn. Ní ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé ìsìn, orí WhatsApp ni a ti gbàdúrà pọ̀. Àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ a máa sọ lẹ́tà Bíbélì di ńlá lórí fóònù, ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé a ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a kò pa fóònù. Oníwàásù ní kí á ṣí Jeremáyà, ẹlòmíràn ń fèsì fún ẹni tí ń bèèrè owó kòkó. Àwọn ọmọ wa mọ ibi tí Sáàmù 91 wà nínú fóònù, ẹ wá ní kí wọ́n kà á lórí nígbà tí iná bá lọ tí bátìrì kú! Ẹ̀yin olùkọ́ ọmọdé, ọwọ́ yín ni mo fi èyí sí. Ẹ kọ́ wọn lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Sáàmù kan ní oṣù kan.

Ní ìparí, kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá ni ó kù lọ́wọ́ mi, rẹkọ́dà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ sì ti wà. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín àti inú àká. Èyí tí okùn rẹ̀ bá ti tú, ẹ má fà á, ẹ fi bírò yí i padà jẹ́jẹ́, kí ẹ mú un wá ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ibi mẹ́ta ni a ó máa pa á mọ́ sí, a kò sì ní ju èyí tí ẹ mú wá nù. Ọ̀kan wà nínú mẹ́rìnlá náà tí wọ́n kọ “Ìṣọ́ Òru” nìkan sí lára. Obìnrin kan ni ó ń gbàdúrà nínú rẹ̀, ó ń dárúkọ àwọn ọmọ Odòde lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ohùn náà. A ó tan án ní ọjọ́ àìsùn àjọ̀dún yìí. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi.

Àlàáfíà Olúwa kí ó wà pẹ̀lú gbogbo wa. Àmín.