Ìṣirò Tí Ẹni Tó Ṣe É Kò Ní Rí Èsì Rẹ̀

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé ohun olóró kan tí a fẹ́ rì mọ́lẹ̀ kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu fún 100,000 ọdún, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a gbà á gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tí yóò jìyà rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà bá yẹ̀ kò tíì dé ayé láti sọ tẹnu wọn? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Orílẹ̀-èdè Sweden ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ihò tirẹ̀ ní Forsmark láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìṣirò tí à ń wí. Nínú ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù, uranium ni ohun ìdáná. Bí átọ́ọ̀mù uranium kan bá fọ́, á tú àwọn ẹyọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní neutron sílẹ̀. Òmíràn nínú wọn á lọ fọ́ átọ́ọ̀mù mìíràn, òmíràn á kọlu irin tó wà nítòsí, òmíràn á sá jáde. Kò sí ẹni tó lè tọ ipasẹ̀ gbogbo wọn. Ní ọdún 1946, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Stanislaw Ulam dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀, ó ń fi káàdì dá ṣeré (eré lásán ni o, kì í ṣe tẹ́tẹ́), ó sì ń rò ó pé ìgbà mélòó nínú 100 ni òun lè jẹ. Ìṣirò rẹ̀ le púpọ̀. Ó wá rí i pé ó rọrùn kí òun kàn ta káàdì náà lọ́pọ̀ ìgbà, kí òun sì ka iye ìgbà tí òun jẹ. Òun àti John von Neumann gbé ọgbọ́n yìí lọ sórí ọ̀rọ̀ neutron, nígbà tó sì di 1948, kọ̀ǹpútà ENIAC ní Amẹ́ríkà ti ń bá wọn ṣe é. Wọ́n sọ ọ́ ní Monte Carlo, orúkọ ìlú tí àwọn olówó ti ń ta tẹ́tẹ́. Àwa kò ní sọ ọmọ wa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà dára. Kọ̀ǹpútà á dá ẹgbàágbèje neutron àfarawé sílẹ̀, á tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ibi tó parí sí, á wá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìṣirò yìí ti ṣiṣẹ́ fún wa nílé níbí. Ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù kékeré kan wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria tí wọ́n ń pè ní NIRR-1. Ọdún 2004 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwádìí ló sì wà fún, kì í ṣe iná ilé. Uranium tí wọ́n kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò kan lọ, ṣùgbọ́n irú èyí tó lè wọ àwọn tó fẹ́ ṣe bọ́ǹbù lójú ni. Wọ́n wá fẹ́ fi èyí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ta ni yóò tú ààrò rẹ̀ ká láìmọ̀ bóyá iná tuntun yóò jó? Àwọn onímọ̀ Zaria àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Amẹ́ríkà jókòó ti ìṣirò náà lórí kọ̀ǹpútà fún ọdún púpọ̀. Ní ìparí ọdún 2018, wọ́n yọ ti àtijọ́, wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n sì dá ti àtijọ́ padà sí Ṣáínà tó ti wá. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Bí ìṣirò yẹn bá ti ṣì ni, kì bá pẹ́ tí gbogbo ayé yóò fi mọ̀, ojú ìbá sì ti ẹni tó ṣe é.

Ti Forsmark kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun ìdáná tí wọ́n ti lò tán nínú àwọn ẹ̀rọ wọn, nǹkan bíi 12,000 tọ́ọ̀nù, ni wọ́n fẹ́ rì mọ́lẹ̀. Wọ́n á kó o sínú irin, wọ́n á fi bàbà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 bò ó, wọ́n á fi amọ̀ tó máa ń wú bí omi bá kàn án yí i ká, nínú àpáta tó jìn tó nǹkan bíi 500 mítà. Bàbà yẹn ni igi lẹ́yìn ọgbà wọn. Wọ́n ní níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti sí lábẹ́ ilẹ̀ yẹn, omi kò ní rí bàbà náà jẹ tán, ìṣirò sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì KTH ní Stockholm kọ ọ́ jáde pé àwọn rí àmì pé omi lásán, láìsí afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀, lè jẹ bàbà. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí nǹkan ṣojú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣojú kọ̀ǹpútà. Ohun tí a bá sọ fún un ló ń rò síwájú, yóò rò ó kíákíá, kò sì ní rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá gbàgbé láti sọ pé omi lè jẹ bàbà, kò ní bi wá léèrè. Wọ́n rì bàbà mọ́ ilẹ̀ fún ìdánwò ní Äspö ní Sweden, wọ́n sì hú u ní 2019 lẹ́yìn nǹkan bí 20 ọdún. Iṣẹ́ sùúrù ni, a yìn wọ́n. Síbẹ̀, bí a bá pín 100,000 ọdún sí ọ̀nà 5,000, ìpín kan péré ni 20 ọdún.

Ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹlẹ́rìí kan tó dàgbà ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 1972, àwọn tó ń yẹ uranium Oklo ti Gabon wò ní ilẹ̀ Faransé rí i pé irú èyí tó máa ń jó nínú rẹ̀, tó yẹ kó jẹ́ 0.720 nínú 100, jẹ́ 0.717. Àlàfo kékeré ni, ṣùgbọ́n wọn kò fojú fò ó. Wọ́n wádìí títí wọ́n fi rí i pé ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn, uranium inú ilẹ̀ yẹn ti jó fúnra rẹ̀ bí ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù, láìsí ẹ̀dá ènìyàn kan láyé. Púpọ̀ nínú ohun olóró tó ti ibẹ̀ jáde, títí kan plutonium, kò rìn jìnnà. Ẹ̀rí gidi ni èyí fún àwọn tó ń ṣírò bí ohun olóró ṣe ń rìn nínú àpáta. Ṣùgbọ́n kò sí àgbá bàbà ní Oklo.

Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n má rì í rárá nígbà náà. Ibo ni kí wọ́n gbé e sí? Inú adágún omi ní Oskarshamn ni ó wà láti ọdún 1985, ó ń fẹ́ ẹ̀ṣọ́, ó ń fẹ́ omi, ó sì ń fẹ́ ìlú tó tòrò. Ta ló lè ṣe onígbọ̀wọ́ àlàáfíà 300 ọdún? Ẹni tó fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ti ta ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ọjà kan náà. Ní tiwa, a rò pé ó sàn kí wọ́n rì í.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé ọ̀rọ̀ náà jọ ti ìwọ̀fà. Bàbá yáwó, ó ná an, ó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ kò bá wọn jẹ nínú owó náà, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó mọ olówó, ó mọ iye gbèsè, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí wọn yóò san án tán. Ẹni tí yóò máa gbé orí ilẹ̀ Forsmark lẹ́yìn 50,000 ọdún lè má gbọ́ èdè kankan tí à ń sọ lónìí. Iná tí wọ́n fi ohun ìdáná yẹn dá kò tàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmánà rẹ̀ wá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà.

Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn sí ohun tí ilé ẹjọ́ ìlú wọn ṣe ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018. Ó ní ọ̀rọ̀ bàbà yìí kò tíì yé òun tó, kí ilé iṣẹ́ náà lọ mú àlàyé sí i wá. Wọ́n mú un wá ní 2019, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Àwọn kan ka ọdún mẹ́rin yẹn sí àkókò tó ṣòfò. Àwa kò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì dé ayé kò lè lọ sí kóòtù. Ẹni tó kọ̀ láti tètè gbà ni agbẹjọ́rò rẹ̀, ìbáà tilẹ̀ wá já sí pé àwọn ará KTH kò gba ọ̀rọ̀ náà rò tó. Ẹni tó bá ní òun ṣírò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ní gbangba ohun tó kó fún kọ̀ǹpútà, ohun tó fi àbá dí, àti ohun tó yọ sílẹ̀ nítorí pé kò mọ bí yóò ṣe kà á.

Ó di nǹkan bíi 2080 sí òkè kí ihò Forsmark tó kún tí wọn yóò fi dí i pa. Títí di ìgbà náà, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, ẹni tó bá rí ohun tuntun nípa bàbà ṣì ráyè láti sọ ọ́.