SÚÌṢÌ ÌKỌ̀KỌ̀ INÚ ỌKỌ̀: ṢÉ ÀÌGBÁRALÉ ỌLỌ́HUN NI?



Ìbéèrè kan ń wáyé láàárín àwa ọmọ Yorùbá Mùsùlùmí tí a wà ní òkè Ọya, pàápàá láàárín àwa tí a ń fi ọkọ̀ jẹun. Àwọn kan ń fi súìṣì ìkọ̀kọ̀ sínú ọkọ̀ tàbí alùpùpù wọn nítorí olè. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó ti ṣe àdúà sí ọkọ̀, tí ó tún ń fi súìṣì pamọ́, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pé. Ó yẹ kí á là á yé ara wa.

Iṣẹ́ súìṣì yìí kò le. Ríwáyà yóò gé wáyà kan, bóyá èyí tí ó lọ sí sítátà tàbí èyí tí ó lọ sí pọ́ńpù epo, yóò fi súìṣì kékeré sí àárín rẹ̀, yóò sì gbé e síbi tí ojú kò tètè dé. Bí a bá ti pa á, kọ́kọ́rọ́ nìkan kò lè gbé ọkọ̀ náà lọ.

Ní ti ìgbáralé Ọlọ́hun, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti parí ọ̀rọ̀. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, ọkùnrin kan bi í bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé E. Ànábì ní kí ó so ó ná. Nínú ìlànà Imam Maliki tí a ń tẹ̀lé, ọ̀kan nínú ohun tí adájọ́ ń wò nínú ẹjọ́ olè ni bóyá ibi ìpamọ́ ni wọ́n ti jí ẹrù. Òfin fúnra rẹ̀ ń retí pé kí olóhun ṣọ́ ohun rẹ̀. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀tàn ni, àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 622, nígbà tí Ànábì àti Abubakar ń lọ sí Mẹ̀dínà, inú ihò Thawr ni wọ́n sá pamọ́ sí fún òru mẹ́ta. Ẹni tí ń wá wa ṣe ibi kò ní ẹ̀tọ́ láti mọ ọ̀nà wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo nìyí: ta ni a pa súìṣì mọ́ fún? Olówó ọkọ̀ mìíràn á gbé ọkọ̀ fún dírẹ́bà kí ó máa san owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò ní sọ fún un pé súìṣì wà níbẹ̀, nítorí kò fọkàn tán an. Bí wáyà tí wọ́n so bá tú lóru ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, kí ni òun àti èrò tí ó kó yóò ṣe? Dírẹ́bà tí a kò lè fi súìṣì hàn, ẹ má fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí á fi í sí wáyà sítátà, nítorí kò lè pa ẹ́ńjìnì tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ti pọ́ńpù lè dá ọkọ̀ dúró lójú eré. Lóòótọ́, olè lè ti ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀ kí ó tan, ṣùgbọ́n dúkìá kò tó ẹ̀mí. Nínú ohun márùn-ún tí Imam al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, ní ṣẹ̀ríà ń dáàbò bò, dúkìá ni ó kẹ́yìn. Bí ọlọ́ṣà bá yọ ìbọn, ẹ jọ̀wọ́ ọkọ̀ fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni títà. Ẹni tí ó ta ọkọ̀ láìfi súìṣì han ẹni tí ó rà á kò tà tán. Ó ṣì di ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ mú. Ní ìdálẹ̀, orúkọ rere ni olórí owó tí a fi ń ṣòwò.

Àṣírí tí a pa mọ́ fún olè, ẹ̀ṣọ́ ni. Èyí tí a pa mọ́ fún ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, jìbìtì ni. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ohun tí agbára wa ká àti èyí tí kò ká. Àmín.