Ẹ Bi Ẹni Tó Gun Igi

A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rí arìnrìn-àjò tó dé etí òkun Eléko, ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, tó ń mu ohun mímu inú páálí lábẹ́ igi àgbọn. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, àfi kó béèrè. Ìkíni ló sì ṣáájú ìbéèrè. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ká tó bi ẹni tó ń já àgbọn pé èló ni. Igi tí kò ní ọgbà pàápàá ní ẹbí tó ni ín, nítorí náà, a kì í ṣa àgbọn tó jábọ́ sórí iyanrìn láìgba àṣẹ.

Lẹ́yìn náà ká wá sọ ohun tí a fẹ́. Bó bá jẹ́ omi la fẹ́ mu, tútù ni wọn yóò já, èyí tó ti lo bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ lórí igi. Bí a bá mì í, kò ní dún, torí omi ti kún inú rẹ̀ bámú. Wọn á fi àdá bẹ́ orí rẹ̀ títí ihò kékeré kan yóò fi yọ. Bí a bá mu ún tán, ká ní kí wọ́n là á. Wọn á gé pẹlẹbẹ kan lára èèpo rẹ̀ fún wa, òun la ó fi ha funfun inú rẹ̀ jẹ, tó rọ̀ débi pé eyín ò níṣẹ́ níbẹ̀. Èyí tó gbó, tí à ń rin sínú ìrẹsì, ń lò tó ọdún kan lórí igi. Ìyẹn gbọ́dọ̀ dún. Bí kò bá dún, omi ti gbẹ nínú rẹ̀, ká fi í sílẹ̀.

Ká dúnàádúrà o, àmọ́ ká rántí àyà tí wọ́n fi gun igi gíga yẹn.

Ẹni tó béèrè kì í ṣìnà, ì báà jẹ́ èso mìíràn ló fẹ́ rà. Lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, ká bi ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pé oko wo ló ti wá, ìgbà wo ni wọ́n bẹ́ ẹ. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nípa káábáìdì, tí àwọn kan fi ń mú èso pọ́n tipátipá, torí májèlé ásẹ́níìkì lè wà nínú rẹ̀. Ọmọ wa tó ti Peckham dé lóṣù Kejìlá, tí agbálùmọ̀ ń wù ú jẹ, ká sọ fún un pé èyí tó pọ́n tó jábọ́ fúnra rẹ̀ ló dùn.

Àgbọn gan-an àlejò ni. Àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun wa, lẹ́yìn tí Vasco da Gama ti dé Íńdíà lọ́dún 1498. Ó ti wá di ọmọ onílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń fún mọ́ ọn. Èbúté ńlá Lẹ́kkí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2023, ilé ìfọpo Dangote wà nítòsí rẹ̀, ilé tuntun sì ń gba etí òkun lọ. Bí a bá ń mu omi àgbọn lọ́wọ́, ká bi wọ́n pé ta ló gbin igi náà, ṣé wọ́n sì ń gbin òmíràn. Ká dúró gbọ́ èsì. Bí wọ́n bá ní àgbọn tó ti hù nílẹ̀, ká ra ọ̀kan, ká fi í sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n gbìn ín.