Ǹjẹ́ Àwọ̀ Lè Parọ́?

Bí ènìyàn bá kun ojú ọ̀run ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ǹjẹ́ irọ́ ni ó pa? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ayàwòrán nìkan, nítorí pé gbogbo wa ni a ń jẹ́rìí ohun tí ojú wa rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwòrán kan tí Vincent van Gogh, ọmọ pásítọ̀ ará Họ́láńdì, yà ní oṣù Keje ọdún 1890 ní Auvers-sur-Oise, abúlé kan nítòsí Paris ní ilẹ̀ Faransé. Oko àlìkámà ni ó yà. Àlìkámà náà ti gbó, ó pọ́n bí ìyeyè, afẹ́fẹ́ sì ń dà á síwá sẹ́yìn. Òkè rẹ̀ jẹ́ aró, aró tí ó dàbí ohun tí a rẹ ní àrẹtúnrẹ títí ó fi ń ṣú lọ sí dúdú. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, ilẹ̀ pupa tí koríko tútù wà létí rẹ̀. Ti àárín wọ inú oko, a kò sì rí ibi tí ó yọ sí. Àwọn kannakánná ń fò lókè: bóyá wọ́n ń bọ̀ ni, bóyá wọ́n ń sá lọ ni, ayàwòrán kò sọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìbànújẹ́ gbáà ni àwòrán yìí, ṣùgbọ́n ìtàn ni wọ́n ti gbọ́ kí wọ́n tó wo àwọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ní ọjọ́ 27 oṣù náà ni ọkùnrin yìí yìnbọn lu ara rẹ̀, tí ó sì kú ní ọjọ́ 29, ní ẹni ọdún 37. Wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní àwòrán ìkẹyìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn náà gbà lónìí pé àwòrán gbòǹgbò igi kan ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìkẹyìn.

Bí a bá mú ìtàn kúrò, kí ni ó kù? Àwọ̀ ìyeyè kan náà ni ó fi ya àwọn òdòdó ńlá tí a ń fi orúkọ oòrùn pè, ní Arles ní ọdún 1888, láti fi ṣe yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gauguin lọ́ṣọ̀ọ́. Níbẹ̀, ayọ̀ ni. Àwọ̀ kì í gbé ìbànújẹ́ sínú bí ìkòkò ti ń gbé omi. Aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ dà. Bí funfun adìrẹ ti ń tàn nítorí aró tí ó yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni oko yìí ń jó bí iná nítorí ọ̀run tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà èmi kò gbà pé ó parọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òjò ti rọ̀ ní Auvers, kí ó wá a lọ síbòmíràn. Síbẹ̀ oko náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: ó ha yẹ kí a fi ìrora ọkàn ẹnì kan kun ilẹ̀ tí ó so dáadáa bí?

Ó jọ pé ayàwòrán fúnra rẹ̀ rò ó. Nínú oṣù náà ni ó kọ̀wé sí Theo àbúrò rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, nípa àwọn àwòrán ńlá ti oko àlìkámà lábẹ́ ọ̀run tí ó dàrú; a sì gbà pé èyí wà nínú wọn. Ó ní òun kò fà sẹ́yìn láti fi ìbànújẹ́ àti ìdánìkanwà hàn nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé àwọn àwòrán náà yóò sọ ohun tí ẹnu òun kò lè sọ, èyíinì ni ìlera àti agbára tí òun rí ní ìgbèríko. Apá kejì yìí ni àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ikú níwájú àwòrán náà kì í sábà rántí.