Ẹ̀rù Tí Kò Mọ̀ Pé Àná Ti Lọ

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àṣìṣe kan wà lọ́rùn mi. Arákùnrin kan nínú wa yọ nínú jàǹbá ọkọ̀ tí ó pa àwọn tí wọ́n jọ wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, bí táyà bá bẹ́ lójú títì, òógùn á bò ó, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó bi mí léèrè ohun tí yóò ṣe. Èmi tí ẹ ń pè ní Ustaz sọ pé ìmáànì rẹ̀ ni kò lágbára. Kò wá sí ìpàdé wa mọ́.

N kò mọ̀ nígbà náà pé ìrántí kì í ṣe ẹyọ kan. Ní ọdún 1911, dókítà Claparède, ará Switzerland, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí kì í rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́. Ó fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sọ́wọ́, ó bọ obìnrin náà lọ́wọ́, ó sì gún un. (Ìwà ìkà ni lójú tèmi.) Nígbà tí ó tún na ọwọ́, obìnrin náà fa tirẹ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé ẹnikẹ́ni gún òun.

Àwọn onímọ̀ sọ pé apá ọpọlọ kan, hippocampus, ni ó ń tọ́jú ibi àti ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Amygdala ni ó ń ké gbàjarè ewu. Nínú ìpayà ńlá, igbe náà a wọlé ṣinṣin, ọjọ́ àti ibi a wọlé ségesège. Ìdí nìyí tí ariwo táyà fi ń sọ ti èṣí di ti ìsinsìnyí.

Ẹ wo Wahshi, tí ó pa Hamza, arákùnrin bàbá Ànábì, ní Uhud ní ọdún 625. Nígbà tí ó gba Ìsìláámù, Ànábì gbà á, kò gbẹ̀san. Síbẹ̀, ó wà nínú hádíìsì Bukhari pé Ànábì bi í bóyá ó lè máa fi ojú rẹ̀ pamọ́ fún òun. Ta ni yóò sọ pé ìmáànì Ànábì kò tó?

Ìrun àti àdúà wà nípò wọn, ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ni ó ní kí a wá ìwòsàn. Orúkọ Aro l'Abẹ́òkúta ń bà wá lẹ́rù lásán. Dókítà wà níbẹ̀ tí yóò jẹ́ kí ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, níbi tí ewu kò sí, títí ọpọlọ yóò fi gbà pé ó ti kọjá. Ẹ má fi ipá bi wọ́n léèrè.

Mo ti lọ kí arákùnrin náà nílé. N kò ṣe wáàsí. Mo tọrọ àforíjìn. Ó ní kí n jókòó.